Kí ẹ tó kó léèsì àti kúlà sí mọ́tò: bí a ṣe ń ka ojú ọjọ́ ìparí sọ́mà láti etí òkun San Francisco dé inú àfonífojì

Gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Antioch, Tracy, Fairfield, Sacramento àti agbègbè ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé báyìí, ilé á gbóná bí ààrò, fóònù á ní 98 ni (Fahrenheit ni gbogbo nọ́ńbà ooru inú ọ̀rọ̀ yìí), a ó wọ léèsì tín-ín-rín, a ó kó ọmọ kó àgbà sí mọ́tò, ó di páàkì kan lẹ́bàá òkun ní San Francisco níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ, ká tó sọ̀ kalẹ̀ 58 ló wà níbẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ gbé kánópì lọ, kùrukùru ti bo gbogbo ẹ̀, òkun tá a ní a wá wò gan-an a ò rí i. Lọ́dún tí mọ́mì mi wá kí wa láti Ìbàdàn, bùbá léèsì àti ìró ni wọ́n wọ̀, wọ́n jókòó sórí àga oníke, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé ìrẹsì ń dà kúrò lórí ṣíbí kó tó dé ẹnu, aṣọ tábìlì oníke tí ọbẹ̀ ti ta sí la fi bò wọ́n léjìká. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo sọ fún wọn láàárọ̀ pé sọ́mà la wà, kí wọ́n fi súwẹ́tà sílẹ̀ nílé. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá òkun náà ń ṣe tiwọn, wọ́n á wọ jákẹ́ẹ̀tì kúrò ní Daly City, wọ́n á gbé mọ́ínmọ́ín sí búùtù, wọ́n á lọ bá 104 ní Livermore.

Kì í ṣe pé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ parọ́ fún wa o. Ibi tá ò lọ la wò, wákàtí tá ò ní sí níbẹ̀ la wò. Bí mo ṣe ń wò ó báyìí ni mo fẹ́ kọ síbí, láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú títí dé àárọ̀ ọjọ́ tá a fẹ́ jáde. Oṣù kẹjọ, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ló wà fún.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ní íntánẹ́ẹ̀tì.
- Sáìtì weather.gov, ti National Weather Service, ìjọba ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Ọ́fíìsì wọn tó wà ní Monterey ló ń bójú tó San Francisco, Oakland, San Jose, Livermore, Napa àti etí òkun. Ọ́fíìsì Sacramento ló ń bójú tó Sacramento, Stockton àti gbogbo àfonífojì ńlá tó wà ní àárín California lápá ibẹ̀ yẹn.
- Sáìtì airnow.gov, fún èéfín.
- Ádírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an. Orúkọ páàkì náà, tàbí zip code ẹ̀.
- Wákàtí tẹ́ ẹ máa dé níbẹ̀ lóòótọ́. Tí wọ́n bá kọ 1 sínú ìwé ìpè, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé aago 4 ni èèyàn máa pé jọ, 4 ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín aago 1 sí aago 4 lẹ́bàá òkun yẹn kì í ṣe kékeré.
- Tẹmómítà kékeré kan fún inú yàrá, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà tàbí ọmọ ìkókó nílé.
- Ìwé àti báírò.

Ìpele 1: Ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an

Ẹ pín ìwé yẹn sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, etí òkun gangan: Ocean Beach, Sunset àti Richmond (àdúgbò ni wọ́n nínú San Francisco), Pacifica, Half Moon Bay. Ìkejì, etí omi tó wọlé, ìyẹn Bay: Oakland, Alameda, Berkeley, Hayward, Vallejo. Ìkẹta, inú àfonífojì: Walnut Creek, Concord, Livermore, Antioch, Brentwood, Gilroy, ká tún wá bọ́ sí Stockton àti Sacramento. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ ń lọ sí abẹ́ èyí tó bá a mu.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ rèé. Omi Òkun Pàsífíìkì tó wà níwájú San Francisco tutù, ní sọ́mà náà ó máa ń wà ní nǹkan bí 55, torí atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti apá àríwá ìwọ̀ oòrùn ń ti omi orí lọ, omi tútù tó wà nísàlẹ̀ á wá gòkè rọ́pò ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi yẹn kọjá á tutù, á di kùrukùru. Lókè ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná wà tó dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, kò lè gòkè, òkè tó wà létí òkun ò sì jẹ́ kó ráyè wọlé, àfi níbi tí àyè bá wà bíi Golden Gate. Àmọ́ inú àfonífojì ti gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti fúyẹ́, ó ń gòkè, ó wá ń fa ti òkun wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí àfonífojì bá ṣe ń gbóná tó ni etí òkun ṣe máa ń tutù tó. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọjọ́ tó bá ń jó wa lára ní Antioch gan-an ló lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń wá jákẹ́ẹ̀tì ní Sunset, máìlì 50 péré ló sì wà láàárín wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, kó gba inú Caldecott Tunnel lójú ọ̀nà 24 ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ tí mo wò ó, 64 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí mo wọlé láti Oakland, ojú ọ̀run funfun bí ògì. Mo jáde sí Orinda, oòrùn gbá mi lójú, nọ́ńbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bíi ti mítà pọ́ǹpù epo: 68, 73, 79. Kí n tó dé Walnut Creek ó ti di 88, mi ò sì tíì lo ìdajì wákàtí lójú ọ̀nà.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á tẹ "San Francisco" sínú áàpù, ó parí. Inú San Francisco fúnra ẹ̀ ò dọ́gba. Àdúgbò Mission wà lẹ́yìn òkè Twin Peaks, òkè yẹn ń dáàbò bò ó, oòrùn lè wà níbẹ̀ nígbà tí Ocean Beach ò rí iwájú. Áàpù tó bá fóònù wá ò burú, àmọ́ nọ́ńbà kan ló máa ń fún yín fún gbogbo ìlú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lórí weather.gov, ẹ tẹ ádírẹ́sì yẹn, tàbí kẹ́ ẹ fi ìka tẹ ojú ibẹ̀ gan-an lórí máàpù. Àpótí kékeré onígun mẹ́rin kan á yọ lórí máàpù náà. Tí àpótí yẹn bá bọ́ sórí páàkì tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ ti ṣe é. Tó bá bọ́ sórí pápákọ̀ òfurufú, ẹ tún un tẹ̀.

Ìpele 2: Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ wo outlook, ẹ má sì kà á sí ohun tí kò sọ

Outlook ni àsọtẹ́lẹ̀ àwọn ọjọ́ tó ṣì jìnnà. Climate Prediction Center, ẹ̀ka National Weather Service kan, ló ń gbé e jáde, ọjọ́ kẹfà sí ìkẹwàá, ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹrìnlá, ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, oṣù kan, oṣù mẹ́ta. Ẹ máa rí máàpù Amẹ́ríkà tí wọ́n kun ní pupa àti búlúù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí pupa lórí California, wọ́n á kígbe pé ooru ń bọ̀, wọ́n á sún páàtì síwájú. Pupa yẹn kì í ṣe ooru. Ohun tó ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ọjọ́ yẹn gbóná ju bó ṣe máa ń rí níbẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fi ọdún 1991 sí 2020 díwọ̀n bó ṣe máa ń rí.

Ẹ kà á báyìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: kó gbóná jù bó ṣe yẹ, kó wà bó ṣe yẹ, kó tutù jù bó ṣe yẹ. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan tó ń darí ẹ̀ síbì kan, ìkọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 33. Tẹ́ ẹ bá wá rí 40, ó kàn fì síbẹ̀ díẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá rí 70, ó fì gan-an. Kò sí nọ́ńbà dìgírì nínú ẹ̀ rárá.

Ẹ tún ronú nípa "bó ṣe yẹ" yẹn fúnra ẹ̀. Ní àárín San Francisco, ọ̀sán oṣù kẹsàn-án máa ń wà ní nǹkan bí 70, tó bá wá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ó lè jẹ́ 74, ìyẹn ọjọ́ tó dáa jù tẹ́ ẹ lè rí níbẹ̀. Ní Livermore tí oṣù kẹjọ ti máa ń sún mọ́ 90, gbígbóná jù lè di 97. Pupa kan náà lórí máàpù kan náà, àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí fún ẹ̀yin àti fún àwọn tó wà lẹ́bàá òkun ò jọra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òjò. Tí máàpù òjò bá ní ó máa ju bó ṣe yẹ lọ ní oṣù kẹjọ, ẹ má ra agbòjò, torí bó ṣe yẹ lóṣù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, òjò wẹ́liwẹ̀li kan ti tó láti kọjá ẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ òjò ìparí sọ́mà ni tí wọ́n bá ní ọ̀rinrin ń bọ̀ láti gúúsù, láti ara ìjì òkun tó ti kú. Ìyẹn ló fa mànàmáná aláìlójò ti ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àrá ń sán, omi ò kán, iná igbó ṣẹ́ yọ káàkiri.

Àṣìṣe míì: wọ́n á ní Labor Day ti kọjá, sọ́mà ti tán. Níbí yìí kọ́. Oṣù kẹsàn-án ló máa ń gbóná jù lọ́dún ní San Francisco, torí kùrukùru ti ń dín kù, atẹ́gùn láti orí ilẹ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni àárín San Francisco wọ 106, kò tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọjọ́ kejì Labor Day, Sacramento wọ 116.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún ẹlòmíì nílé, pé "ó ṣeé ṣe kó gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ, ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún". Tó bá jẹ́ "ó máa wọ 100" lẹ sọ, ẹ padà lọ kà á.

Ìpele 3: Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ ka wákàtí wákàtí

Lójú ìwé ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ ní ìpele 1, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Hourly Weather Forecast sí, àwòrán onílà ló máa ṣí. Ẹ mú wákàtí mẹ́ta: ìgbà tẹ́ ẹ máa dé, ìgbà tí èrò máa pọ̀ jù, ìgbà tẹ́ ẹ máa palẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ooru àti atẹ́gùn ìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé yín náà.

Ẹ máa rí i pé wọn ò gòkè pa pọ̀. Inú àfonífojì, aago 4 sí 5 ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gbóná jù. Lẹ́bàá òkun, ọ̀sán gangan ni, nǹkan bí aago 1, lẹ́yìn ẹ̀ atẹ́gùn òkun á gba ipò, á máa le sí i títí dìrọ̀lẹ́. Páàtì tẹ́ ẹ bá fi sí aago 4 ní páàkì etí òkun, wákàtí tó burú jù lẹ fi sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ín, aago 11 àárọ̀ sí aago 2 ló dáa, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn èèyàn pé torí òtútù ni.

Fún àwọn bàbá àti màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé tí wọn ò mọ Fahrenheit: ẹ yọ 32 kúrò, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 9. 58 jẹ́ nǹkan bí 14 ti wa, 98 jẹ́ nǹkan bí 37. Àwọn kan máa ń yọ 30 kí wọ́n wá pín in sí méjì, ó rọrùn, àmọ́ ó máa ń dín ooru ńlá kù. 104 á di 37 lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ 40 ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìwé yín gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà mẹ́fà, mẹ́ta fún ilé, mẹ́ta fún ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Tí ìyàtọ̀ àárín wọn bá lé ní 20, aṣọ méjì ló máa wọ mọ́tò.

Ìpele 4: Ẹ wá ibi tí kùrukùru wà, ẹ mọ bó ṣe ga tó

Ibí ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí òun ló ń pinnu gbogbo ẹ̀, òun náà sì ni áàpù kì í sọ. Lójú ìwé kan náà ẹ wá Forecast Discussion. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fúnra wọn ló ń kọ ọ́, lójoojúmọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì gidi, kì í ṣe àwòrán. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kẹ́ ẹ wá nínú ẹ̀: marine layer. Ìyẹn afẹ́fẹ́ òkun tútù tí mo ní ọmọrí wà lórí ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ bó ṣe ga tó ní ẹsẹ̀ bàtà.

Tó bá wà lábẹ́ 1,000, kò ní lè fo òkè, etí òkun nìkan ló máa há sí, àfonífojì á sì jó. Tó bá wà ní nǹkan bí 2,000, á wọ inú àfonífojì lóru, San Jose àti Livermore á jí sábẹ́ ìkùukù, á ká kúrò nígbà tí oòrùn bá ti mú, ọjọ́ náà á dẹ̀. Tó bá lé dé 3,000, gbogbo ibẹ̀ ló máa tutù, òjò kùrukùru lè kán létí òkun láàárọ̀. Tí wọn ò bá kọ nọ́ńbà, ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ọ́: compressed, ọmọrí ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ooru ń bọ̀ wá bá àwa ará inú ilẹ̀, deepening, ó ń ga sí i, ìtura ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì GOES-West láàárọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa. Ẹ máa rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ etí òkun bí ẹ̀kọ tó dì mọ́ etí ìkòkò. Ẹ wo ẹnu Golden Gate, funfun yẹn máa ń yọ ahọ́n wọlé níbẹ̀, ahọ́n yẹn á kọjú sí Berkeley. Láàárọ̀ ọjọ́ tí kùrukùru bá ga, ẹ máa rí i tó ti gba ọ̀nà odò Carquinez wọlé, tó ń na ọwọ́ sí Fairfield.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á rí i pé kùrukùru ti ká ní aago 11, oòrùn yọ, wọ́n á fi jákẹ́ẹ̀tì sí mọ́tò, wọ́n á lọ páàkì mọ́tò síbi tó jìnnà. Kò lọ. Ó kàn padà sórí omi ni, ó dúró síbẹ̀ tó ń wò yín, tí aago 4 bá lù á padà wá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wo àwòrán ti aago 8 àti ti aago 11. Tí etí funfun yẹn bá ti fà sẹ́yìn dé ojú òkun tó sì jìnnà sílẹ̀, ọ̀sán á dáa. Tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí Pacifica tàbí Sunset, oòrùn lè má yọ rárá lọ́jọ́ yẹn.

Ìpele 5: Atẹ́gùn, níbo ló ti ń bọ̀?

N ni àríwá, S ni gúúsù, E ni ìlà oòrùn, W ni ìwọ̀ oòrùn. Tẹ́ ẹ bá rí W, NW tàbí SW, láti òkun ló ti ń bọ̀, ìtura ni. Tẹ́ ẹ bá rí N, NE tàbí E, láti orí ilẹ̀ ni. Lẹ́tà yẹn ń sọ ibi tó ti ń BỌ̀, kì í ṣe ibi tó ń lọ, mo ti rí ẹni tó kà á sódì tó sì dáná súyà lọ́jọ́ tí kò yẹ.

NE yẹn lẹ máa ṣọ́ jù. Diablo ni wọ́n ń pe atẹ́gùn náà níbí. Ẹ rántí ọyẹ́ wa, àríwá ìlà oòrùn lòun náà ti ń fẹ́ wá, láti aṣálẹ̀, ètè á bó, awọ ara á funfun. Diablo gbẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í tutù bí ọyẹ́, torí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè ló ń gbóná sí i, ó sì ń lé kùrukùru padà sójú òkun, ìdí nìyẹn tí ooru fi ń dé etí òkun gan-an lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Koríko ti gbẹ láti oṣù karùn-ún. Ẹ̀ta iná kan ti tó. Iná orí òkè Oakland lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1991 pa èèyàn 25. Iná tó wọ Santa Rosa lóru ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2017, atẹ́gùn yìí náà ló gbé e, ojú oorun ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tí wọ́n bá gbé Red Flag Warning jáde, ìyẹn ìkìlọ̀ pé iná igbó lè tètè ràn, ẹ má dáná èédú níta, ẹ má páàkì mọ́tò sórí koríko gbígbẹ, ẹ kọjú mọ́tò síta kẹ́ ẹ sì rọ epo sínú ẹ̀. PG&E, ilé iṣẹ́ tó ń fún wa níná, náà lè pa iná mànàmáná láwọn agbègbè kan lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kí wáyà má baà dáná, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó ẹran àti ẹ̀gúsí tẹ́ ẹ ti sè kún fírísà, ẹ má máa ṣí i wò. Fírísà tó kún tí wọn ò ṣí lè pa òtútù mọ́ fún wákàtí 48, fíríìjì ò kọjá wákàtí 4.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín. Tí méjì nínú wọn bá jẹ́ láti orí ilẹ̀, ẹ tún ìpele 4 wò, ó ṣeé ṣe kí kùrukùru má sí rárá.

Ìpele 6: Ooru inú àfonífojì, torí àwọn àgbà wa

HeatRisk ni kẹ́ ẹ ṣí, ti National Weather Service náà ni. Ewu ooru ló ń díwọ̀n, láti òdo tí kò léwu dé 4 tó léwu jù: àwọ̀ ewé, yẹ́lò, ọsàn, pupa, àti magenta tó jọ pọ́pù. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kò wo ọ̀sán nìkan, ó ń wo bí òru ṣe rí, bí ooru náà ṣe pẹ́ tó àti bó ṣe yàtọ̀ sí tibẹ̀ lásìkò yẹn. Heat Advisory jẹ́ ìkìlọ̀, Extreme Heat Watch ń sọ pé ẹ múra, Extreme Heat Warning ti dé tán nìyẹn.

Òru ni kẹ́ ẹ wò jù. Ní Sacramento, atẹ́gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Delta Breeze, látinú Bay ló ń gbà wọlé nírọ̀lẹ́, tó bá ti fẹ́, ẹ ṣí wíńdò, ilé á tutù kílẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ tí kò bá wá ni wàhálà, ilé ò ní sinmi, ooru àná á kún tòní. Àwọn òbí wa tó ti ilé wá á máa sọ pé "ooru kẹ̀? Ọmọ Ìbàdàn ni mí, kí ni mi ò rí rí". Òótọ́ ni pé wọ́n mọ ooru. Àmọ́ ooru ilé ní òógùn nínú, ẹ máa mọ̀ pé ara ń sọ omi nù. Níbí, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé òógùn ń gbẹ kó tó ṣàn, wọn ò ní mọ̀ pé omi ti tán lára, wọn ò sì ní béèrè omi. Ẹ máa gbé e fún wọn, ẹ má dúró kí òùngbẹ gbẹ wọ́n. Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú wọn tọ̀, ẹ bá dókítà wọn sọ ọ́ kí ooru tó dé.

Fáànù nìkan ò tó tí inú yàrá bá ti ń sún mọ́ 95, atẹ́gùn gbígbóná lẹ kàn ń fẹ́ sí wọn lára. Tí kò bá sí AC, ẹ gbé wọn lọ sí láíbìrì tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá, tàbí kẹ́ ẹ pe 211 kí wọ́n júwe ibi ìtura tí ìjọba ṣí. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá ń dàrú, tí ara wọn gbóná janjan, tàbí tí wọ́n dákú, 911 ni, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe "ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀". Bẹ́ ẹ bá sì ń retí àwọn 911, ẹ máa da omi tútù sí ẹni náà lára.

Ẹ má fi ọmọ sínú mọ́tò, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ì báà jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé kúlà wọlé lásán. Láàárín ìṣẹ́jú 10 péré inú mọ́tò máa ń fi nǹkan bíi 20 gbóná sí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: aago 9 alẹ́, ẹ gbé tẹmómítà sí yàrá tí mọ́mì tàbí dádì ń sùn sí, kì í ṣe pálọ̀ tí AC wà. Tó bá ṣì ju 80 lọ, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì wọn wá sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìpele 7: Èéfín

Ẹ lọ sí airnow.gov, ẹ tẹ zip code, nọ́ńbà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó á jáde. 0 sí 50 dáa, tó bá ti kọjá 100 ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ikọ́ fée àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ dín ìta kù, tó bá kọjá 150 ẹ má ṣe páàtì níta. N95 ni kẹ́ ẹ wọ̀, máàsìkì aláṣọ tá a fi àǹkárá rán ò dí èéfín.

Ẹ má fi àwọ̀ ojú ọ̀run ṣe ìdájọ́. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ojú ọ̀run San Francisco pọ́n bí epo pupa, wọ́n tan iná títì lọ́sàn-án, ẹ̀rù bà wá. Àmọ́ òkè kùrukùru ni èéfín yẹn wà, àwa tá a wà nísàlẹ̀ ò tíì máa mí púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tí ojú ọ̀run kàn dà bí eérú lásán, lèyí tó wọ àyà èèyàn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà ibi tẹ́ ẹ ń lọ lẹ kà, àbí ti ilé? Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìpele 8: Àárọ̀ ọjọ́ náà

Wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ tún wo ìpele 3, 4 àti 5, nọ́ńbà lè ti yí padà. Lẹ́yìn náà ẹ di ẹrù.

Tó bá jẹ́ etí òkun: léèsì ò burú, àmọ́ súwẹ́tà lábẹ́ agbádá, ìborùn tó nípọn fún àwọn màmá, ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ. Ẹ so ẹsẹ̀ kánópì mọ́ nǹkan tó wúwo. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ wọ omi òkun lọ, omi 55 ń gba èémí lẹ́nu ẹni, ìgbì ibẹ̀ sì máa ń gbá èèyàn lẹ́yìn láìròtẹ́lẹ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí i.

Tó bá jẹ́ àfonífojì: omi ju mínírà lọ, ibòòji ṣáájú àga. Oúnjẹ ńkọ́? Mọ́ínmọ́ín, ẹran díndín, ìrẹsì, sàláàdì, tí ìta bá ti ju 90 lọ wọn ò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé wọn jáde nínú kúlà tàbí nínú ohun tó ń mú wọn gbóná. Tí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, wákàtí méjì. Ẹ máa bù ú jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ má tẹ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ tó tú kánópì, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ dúró síbi tí àga àgbà máa wà fún ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú irú aṣọ táwọn náà wọ̀. Tí ọwọ́ yín bá tutù tàbí orí yín gbóná, ẹ gbé àga yẹn kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.